Ilà Kẹta ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró

Ní Ọ̀mù-Àrán, bí àlejò bá béèrè ilé-fọ́tò Tìjání, kò sí ẹni tí ń júwe pátákó fún un, nítorí oòrùn ti jẹ lẹ́tà ara pátákó náà títí ó fi kù díẹ̀ kó di pákó lásán. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, "Ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ilé tí wọ́n kun fèrèsé rẹ̀ kan ní dúdú." Ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ni yàrá òkùnkùn wà láyé ìgbà tí wọ́n ń fi oògùn fọ fọ́tò. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti fọ fọ́tò níbẹ̀ kẹ́yìn. Àga ìyàwó méjì, aṣọ ńlá kan tí a ya etí òkun sí, àti àwọn agolo ọ̀dà òfìfo ló kún ibẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń kun ilé nítorí ọdún Iléyá, Tìjání a lọ dúró ti fèrèsé náà. Yóò kàn dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi kun ògiri kọjá a, àwọn náà yóò sì mọ̀ pé ọ̀dà tuntun kò gbọdọ̀ kàn án.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fà á lé Ọ̀gá Sámúẹ́lì lọ́wọ́ ní ọdún 1977. Onígbàgbọ́ ni Ọ̀gá, ọkùnrin gíga kan tí ọ̀pọ̀ ará Ọ̀mù-Àrán, Arandun àti Esie ń ránṣẹ́ pè nígbà ìsìnkú, ìkómọjáde àti ìgbéyàwó. Aago ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì wá ẹni tí yóò tún un ṣe, nítorí orin ìjọ ló fi ń ka àkókò nínú òkùnkùn. Ẹsẹ orin kan ni iná ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sórí bébà gbọ́dọ̀ lò lórí ojú ènìyàn. Ẹsẹ kan pẹ̀lú ègbè ni ti ògiri. Bí aṣọ funfun bá wà nínú àwòrán náà, wọn a kọ ọ́ ní ẹsẹ méjì gbáko. Bẹ́ẹ̀ ni Tìjání, ọmọ ilé kéú, ṣe mọ orin ìjọ ju ọ̀pọ̀ ọmọ akọrin lọ. Níjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọ ọ́ nídìí àmù.

"Tìjání," ni ìyá rẹ̀ wí, "ṣé iṣẹ́ fọ́tò la ní kí o lọ kọ́ ni, àbí iṣẹ́ pásítọ̀?"

"Ìyá mi, aago ni."

Láàrin orin náà ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀gá ní páálí kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, tí ó so mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yọ lára táyà kẹ̀kẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ sí lórí bébà ni yóò dúdú. Nítorí náà, bí Ọ̀gá bá rí i pé ojú ẹni tó yà fẹ́ ṣú jù, yóò ti páálí náà bọ àárín iná àti bébà, yóò fi òjìji rẹ̀ bo ojú náà, yóò sì máa mì í jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin lórí oúnjẹ ọmọ, kí etí páálí má baà hàn lára àwòrán. "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o dé ibẹ̀," ni ó máa ń wí. "Bí wọ́n bá rí ọwọ́ rẹ nínú rẹ̀, o ti ba ojú olójú jẹ́." Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àǹfààní náà. Bí páálí bá yẹ̀, bébà ti ṣòfò nìyẹn. Wọn a mú òmíràn, wọn a sì tún orin kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá kú ní ọdún 1998. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Èkó wá tún ilé ṣe, wọ́n sì kó àpótí fíìmù mọ́kànlá lọ dà sí ààtàn. Nígbà tí Tìjání fi gbọ́, òjò mẹ́ta ti rọ̀ sí wọn. Ó lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nà wọ́n sókè sí oòrùn. Ojú gbogbo ènìyàn tí ó mọ̀ ní kékeré ti ṣàn kúrò lára wọn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè gba ẹ̀yìn ààtàn yẹn lọ sí ọjà mọ́.

Nígbà tí fíìmù di àwátì, Jannat ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Arandun, ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún un, ó sì ń wá jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé. Ó fi Fótóṣọ́ọ̀pù hàn án. Tìjání kọ́kọ́ rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Àwòrán ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kí ojú wọn mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀rọ náà, ó ń kùn, aṣọ akọrin náà sì ń funfun lọ pẹ̀lú ojú wọn, títí gbogbo wọn fi dà bí ẹni tí a da ìyẹ̀fun lé lórí. Ó fi pa mọ́, ó pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ó fẹ́ kí ó padà sí bó ti wà, kò sí ọ̀nà àbọ̀ mọ́.

Jannat wo àwòrán náà, ó wo bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, orí àwòrán gan-an ni ẹ kùn sí?"

"Ibo ni kí n tún kùn sí?"

"A kì í fọwọ́ kan àwòrán fúnra rẹ̀. Nǹkan la ó tẹ́ lé e lórí. Léyà ni wọ́n ń pè é. Ìpele ni."

Ó wá fi ìpele àtúnṣe hàn án. Ìpele yìí kò ní àwòrán kankan nínú. Àṣẹ lásán ni, tí a tẹ́ lé àwòrán lórí bí ọ̀rá tí ojú ń là kọjá. Ọ̀kan lè ní kí ohun gbogbo tó wà lábẹ́ òun mọ́lẹ̀ sí i, òmíràn lè ní kí àwọ̀ pupa inú rẹ̀ dín kù. Bí ènìyàn bá sì ká a kúrò, àwòrán náà wà bó ti wà, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kàn án rí. Ara ìpele kọ̀ọ̀kan ni ìbòjú tirẹ̀ so mọ́. Níbi tí ìbòjú náà bá funfun, àṣẹ múlẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí a bá fi dúdú kùn, àṣẹ kò dé ibẹ̀. Níbi tó bá rí bí eérú, yóò dé ibẹ̀ ní ìwọ̀nba. Bí ọwọ́ bá sì ṣìnà, tí dúdú lọ síbi tí kò yẹ, funfun ni a ó mú, a ó kùn ún padà.

Tìjání mú búrọ́ọ̀ṣì náà. Ó ń kùn dúdú, ó ń kùn funfun, ó ń wo ojú akọrin kan bó ti ń mọ́lẹ̀, tó tún ń padà.

"Páálí ni," ló sọ níkẹyìn.

"Ẹ ní kí ni, Bàbá mi?"

"Páálí tí kì í yẹ̀." Ó yí ojú sí fèrèsé dúdú náà. "Ọ̀gá ì bá dúró díẹ̀ sí i."

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún bá a níbi tó ti ń kùn sórí àwòrán gan-an. Búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀ jù lọ ló máa ń yàn, a sì máa kọ orin lábẹ́lẹ̀ bó ti ń kùn ìbòjú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò béèrè ẹsẹ orin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá, nígbà tí ọ̀yẹ́ ṣì ń la ènìyàn ní ètè, Rhoda, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní Esie, wọ ilé-fọ́tò náà. Ìyá Iyìolúwa ni Tìjání máa ń pè é, nítorí òun ló ya àwòrán ìgbéyàwó Iyìolúwa ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Jannat."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Iyìolúwa. Ẹ jókòó. Àwọn ará Esie ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Eruku la ń mu bí ògì." Ó ṣí ìwé orin rẹ̀, ó yọ fọ́tò kan jáde láàrin rẹ̀, ó sì gbé e lé tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ìyá mi nìyẹn, Àwẹ̀ró. Wọ́n kú ní 1984. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n yà láyé wọn nìyí."

Obìnrin kan ló dúró níwájú ògiri ẹfun, ó wé gèlè òfì, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí iwájú ìró. Fọ́tò náà ti ṣá, omi sì ti wọ̀ ọ́ nígbà kan. Àbàwọ́n kan tó rí bí omi tíì bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún.

"Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ẹ fún," Rhoda ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹ̀gbọ́n wọn ni, Màmá Fulera. Wọ́n ti pé ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún. Ojú òsì wọn ti lọ. Ti ọ̀tún ló kù, òun náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní kò lè ju oṣù mélòó kan lọ mọ́, kò sì sí oògùn rẹ̀. Mo wá bi wọ́n pé, Màmá, kí lẹ fẹ́ rí kó tó ṣú? Mo rò pé àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ni wọn ó dárúkọ. Wọ́n ní Àwẹ̀ró."

Tìjání fa fọ́tò náà mọ́ra lórí tábìlì.

"Wọn ò lè rí èyí. Ó kéré jù, ó sì ti ṣú. Ẹ bá mi sọ ọ́ di ńlá, Bàbá Jannat, kó hàn kedere. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń ríran díẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí pé kó má pẹ́ jù."

Tìjání yí fọ́tò náà padà. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń pa rẹ́: orúkọ Ọ̀gá Sámúẹ́lì, àti ọdún 1979. Ó tún yí i síwájú, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó rí ohun tí kò sí ẹlòmíràn tó lè rí i mọ́ láyé yìí: yíká gèlè obìnrin náà, ògiri ẹfun náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ọ̀run kí oòrùn tó yọ. Páálí Ọ̀gá ló gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nídìí abọ́ oògùn, kó máa bá a gbe orin.

"Ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "N ó ṣe é."

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó fi síkánà, ẹ̀rọ tí ń da àwòrán kọ, gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ́ ìpele àkọ́kọ́ lé e, èyí tó ní kí òkùnkùn rẹ̀ túbọ̀ dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì túbọ̀ mọ́lẹ̀, kí ojú tó ti rẹ̀ lè rí ìyàtọ̀. Ó fi dúdú kùn ìbòjú rẹ̀ níbi ògiri, kí ipasẹ̀ páálí Ọ̀gá má baà pòórá. Ìpele kejì ló fi fa àwọ̀ tíì náà kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀kẹta wà fún gèlè nìkan. Àwọn ibi tí bébà ti ya ló fi ara bébà tó kù dí lórí ìpele tirẹ̀.

Nígbà náà ló kan ilà. Ilà mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n kọ fún àwọn obìnrin ìgbà Àwẹ̀ró ládùúgbò náà, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ti òsì pé mẹ́ta, ó hàn gedegbe. Lọ́tùn-ún, lábẹ́ àbàwọ́n, méjì péré ló yọ. Tìjání wò ó títí. Ó ronú pé omi ti jẹ ẹ̀kẹta. Ó mọ àwọn afọ́tò ìsinsìnyí tí ń pa ilà àwọn àgbà rẹ́ bí ẹni ń nu ìdọ̀tí, nítorí àwọn ọmọ wọn ní kí ojú màmá dán. Èyí máa ń dùn ún dọ́kàn. Kò fẹ́ kí ilà kankan ṣòfò lọ́wọ́ òun. Ó ṣí ìpele tuntun kan, ó da ilà kẹta ti òsì kọ, ó dojú rẹ̀ kọ ọ̀tún, ó gbé e síbẹ̀, ó sì fi ìbòjú rọ etí rẹ̀ títí kò fi sí ojú tó lè sọ pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí i sí.

Jannat dé ní Sátidé, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá mi, ó rẹwà o. Ẹ wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀." Ó tún wò ó. "Ṣé ilà yìí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ilà mẹ́ta-mẹ́ta ni. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa, Bàbá mi. Mo kàn béèrè ni."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó gùn tó apá àgbàlagbà. Rhoda wá gbé e ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sunkún díẹ̀, ó gbàdúrà fún un, ó lọ. Tìjání kò fi hàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹun ọ̀sán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún.

"Bàbá Jannat, ẹ má bínú." Ohùn Rhoda rẹlẹ̀. "Màmá ní kì í ṣe Àwẹ̀ró."

"Bóyá ojú wọn ni?"

"Ojú wọn kọ́. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n dá gèlè mọ̀. Wọ́n wá bi mí pé, 'Ta ló gbé gèlè àbúrò mi wé?' Wọ́n ní kí n gbé obìnrin náà jáde kúrò níwájú wọn. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti bá mi sọ̀rọ̀."

Tìjání gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, wọ́n ti sọ fún un pé òun mú àwọn sanra jù, pé òun mú wọn dàgbà jù. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún un rí pé òun gbé ẹlòmíràn sípò olóògbé. Ohun tí Ọ̀gá ń sọ nípa ojú olójú ni ó ń gbọ́ létí. Ó di kọ̀ǹpútà náà sínú àpò, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wọ mọ́tò èrò lọ sí Esie.

Ẹnu ọ̀nà ni Màmá Fulera jókòó sí, lórí àpótí, ojú sí ìmọ́lẹ̀. Obìnrin kékeré ni, ìbòrí funfun wà lórí rẹ̀, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilà mẹ́ta-mẹ́ta tirẹ̀ ti wọ inú ìhunjọ ara lọ. Tìjání dọ̀bálẹ̀ lórí eruku.

"Màmá, afọ́tò náà nìyí," Rhoda wí.

Màmá Fulera yí ojú ọ̀tún sí i, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́. "Ìwọ lo fi ilà kún ti àbúrò mi?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fijì mí."

"Olóòlà ni ọ́?"

"Afọ́tò ni mí, Màmá."

"Olóòlà ni ọ́. Èyí tó kọ́kọ́ wá kò rí i kọ parí. Ìwọ wá dúró dìgbà tó kú, o wá lọ fi ẹ̀rọ parí rẹ̀. O ò jẹ́ wá nígbà tí mo ní eyín!"

Rhoda fi ọwọ́ bo ẹnu. Tìjání kò tíì dìde. "Màmá," ló wí jẹ́jẹ́, "kí ló dé tí kò fi kọ ọ́ parí?"

Tẹ̀sùbáà náà dúró lọ́wọ́ ìyá àgbà náà.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Wọ́n ti kọ tèmi, mo mọ bí ó ti ń ta ènìyàn. Wọ́n gbé Àwẹ̀ró jókòó lórí itan ìyá wa. Olóòlà kọ mẹ́ta lósì. Ó kọ méjì lọ́tùn-ún. Bó ti fi abẹ kan ẹ̀kẹta báyìí ni ọmọ náà dákẹ́ igbe, ó ń wò mí. Kò wo ìyá wa o. Èmi ló ń wò. Mo bá fò mọ́ olóòlà, mo gé e lọ́wọ́ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ó ju abẹ nù. Ó ní òun kì í kọlà fún ìran ajá." Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Bàbá wa bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ilà náà kù síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò gùn ju èso ẹ̀gúsí kan lọ. Títí tí Àwẹ̀ró fi dàgbà, bí a bá jà, kì í bú mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni yóò kàn yí sí mi. Ìjà ti parí nìyẹn. Èyí tí o wá gbé fún mi, mo yí ojú sí ọ̀tún rẹ̀, ilà mẹ́ta ló ń wò mí. Mo mọ̀ pé àlejò ni."

Tìjání dìde jókòó. Ó ṣí kọ̀ǹpútà náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìpele rẹ̀ ṣì tò síbẹ̀ bó ti fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ó pa ìpele ilà kẹta náà dé, ilà náà sì kúrò lójú Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán ló kù, tó dán bí ibi tí omi fọ̀ lọ.

"Ó ti kúrò," Rhoda wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kékeré yẹn kò sí níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó sún mọ́ ọn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fi kún gbogbo ojú ẹ̀rọ. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sí etí àbàwọ́n lọ́jọ́ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, tó sì fi ìpele kejì nù, ló fẹ́ tún yẹ̀ wò. Ó mú ìbòjú ìpele kejì náà, ó fi dúdú kùn ún níbẹ̀, kí àṣẹ rẹ̀ má ṣe dé ibẹ̀ mọ́. Àwọ̀ tíì padà. Ó tẹ́ ìpele tuntun, ó ní kí ìyàtọ̀ tó wà láàrin dúdú àti ìmọ́lẹ̀ túbọ̀ jìnnà síra, ó kùn gbogbo ìbòjú rẹ̀ ní dúdú, kó má kan ohunkóhun, ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì funfun tí kò lágbára. Ó fi kàn án níbi kan ṣoṣo. Ó tún kàn án. Kò mọ̀ pé òun ti ń kọ orin lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó dé ègbè, ó rí i. Nísàlẹ̀ ilà méjèèjì, nínú àbàwọ́n náà gan-an, ilà kékeré kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì dúró lójijì.

Kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó sún ojú ẹ̀rọ sẹ́yìn títí odindi ojú obìnrin náà fi hàn, ó fi ìkúnlẹ̀ rìn lọ bá Màmá Fulera, ó sì gbé kọ̀ǹpútà náà sí iwájú rẹ̀ níbi tí òjìji ilẹ̀kùn ti bo ojú ẹ̀rọ. Ìyá náà tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó yí orí díẹ̀, kí ojú tó kù lè bọ́ sí ọ̀tún àwòrán náà. Ó pẹ́. Adìẹ kan kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó lé e.

Ìka rẹ̀ gbéra, ó ń wá ọ̀nà, ó sì bà lé ibi kékeré náà.

"Ibí ni mo ti gé e jẹ," ló wí.

Lẹ́yìn náà, kì í ṣe àwọn ni ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Èdè Ìgbómìnà ijọ́un ló ń sọ, kíákíá, lábẹ́lẹ̀, bí ọmọdé méjì ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Rhoda gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri. Tìjání di ẹ̀rọ náà mú. Ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀, àmì bátìrì ti pọ́n. Orúnkún ń dùn ún, kò mira. Nígbà tó ṣe, ojú ẹ̀rọ náà kú.

Màmá Fulera fà sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì na síwájú. "Ó ti ṣú? Rhoda, ó ti ṣú?"

"Kì í ṣe ojú yín, Màmá," Tìjání yára wí. "Iná ẹ̀rọ ló tán."

"Òun náà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Bí mo ṣe rí i yẹn?"

"Bí ẹ ṣe rí i yẹn, Màmá. Lọ́la ni n ó tẹ̀ ẹ́ wá, ní ńlá."

"Kí o tètè. Kí oòrùn tó mú." Ó tún tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú. "Má sì fi nǹkan kan kún un lójú ọ̀nà."

Ní ọjọ́ kejì, mọ́tò àkọ́kọ́ ni Tìjání wọ̀. Ó gbé àwòrán náà sáyà bí ẹni gbé ọmọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dì í mú. Nígbà tó dé Esie, Rhoda ti dúró lójúde, ó sì sọ fún un pé láti ìgbà tí Màmá ti kírun àárọ̀ tán ni wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni sìn wọ́n wọlé. Tìjání tú aṣọ tó fi dì í. Kò sọ pé òun ló dé. Ó kàn gbé àwòrán náà sókè sínú ìmọ́lẹ̀, ó sì rọra yí i kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lè kọjú sí ìyá àgbà náà.

Màmá Fulera wò ó.

"Àwẹ̀ró," ló wí, "o pẹ́ kí o tó dé."